Bí a ṣe ń gbọ́ ìwé àtijọ́ àti ìtàn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí LibriVox

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi etí gbọ́ àwọn ìwé àtijọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì láìsan kọ́bọ̀, LibriVox, ìkànnì ayélujára tí wọ́n ti ń gbọ́ ìwé tí wọ́n kà sókè, ni mo máa kọ́kọ́ júwe fún un. Hugh McGuire ló dá a sílẹ̀ nílùú Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 2005. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ka ìwé náà sínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún wọn. Ẹ kò ní láti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Ẹ ṣí librivox.org, kí ẹ sì tẹ orúkọ ìwé tàbí ti òǹkọ̀wé síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ èèyàn ló kà á, ibẹ̀ gan-an ló sì ti yẹ kí ẹ fara balẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ "Solo" sí, ẹnì kan ṣoṣo ló kà á tán. Èyí tó jẹ́ "Collaborative", ẹni tó ka orí kan lè yàtọ̀ sí ẹni tó ka orí tó tẹ̀ lé e. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni mo fara mọ́ fún ọmọdé, torí pé tí ohùn bá ti mọ́ ọn létí, ìtàn ló kù tí yóò máa fọkàn bá lọ. Ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dá olùkà lẹ́jọ́, ìkéde LibriVox ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí àárín orí kejì, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń bá ara wọn sọ.

Ní ti dátà, fáìlì ohùn MP3 oní-64 kbps máa ń gba nǹkan bí 29 MB fún wákàtí kan, oní-128 sì máa ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Oní-64 ti tó fún ohùn èèyàn tó ń kàwé. Lórí fóònù, ó rọrùn kí ẹ máa gbà á sílẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan ju kí ẹ gba odindi ìwé tí wọ́n dì pọ̀ sínú fáìlì zip. Fún ọmọ kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìtàn Aesop, tí ìjàpá àti ehoro wà nínú wọn: wọn kì í gùn, ọmọ á sì gbọ́ ọ̀kan tán kí oorun tó gbé e lọ. Ojú ewé tí ìwé kọ̀ọ̀kan ní lórí LibriVox sábà máa ń ní ìlujá sí ọ̀rọ̀ ìwé náà fúnra rẹ̀, tí ọmọ tó ti mọ̀wéé kà lè máa fojú bá lọ bí olùkà ṣe ń kà á.

Ohun kan wà tí òbí kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn ìwé tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé (copyright) ti Amẹ́ríkà kò dáàbò bò mọ́ nìkan ni LibriVox ń kà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti lé ní ọdún 95 tí wọ́n ti jáde, bí wọ́n sì ṣe kọ wọ́n láyé ìgbà náà ni wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Nínú ìwé Doctor Dolittle ti ọdún 1920, ọmọ ọba Áfíríkà kan wà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ òun di aláwọ̀ funfun. Àwọn atẹ̀wé yọ ọ́ kúrò nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó wà nínú ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìwé kí ọmọ yín tó gbọ́ ọ. Tó bá ti dàgbà tó láti lóye, ẹ jọ gbọ́ ọ, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Tí kò bá tíì dàgbà tó, ẹ fún un ní òmíràn.

Ẹ má wá ìwé D. O. Fágúnwà níbẹ̀. Ọdún 1963 ló kú, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 sì ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ra ìwé rẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè fún àwọn ọmọ. Ní ti àlọ́, tí ìyá tàbí ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n pa bá wà nílé, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti fáànù, kí ẹ gbé fóònù sítòsí ẹnu wọn, kí àwọn ọmọ sì máa gbe orin àlọ́ náà. Orúkọ àlọ́ àti orúkọ ẹni tó pa á ni kí ẹ fi pamọ́ sórí fáìlì rẹ̀.