Bí mo ṣe dá ọ́ìlì háídírọ́líìkì mi padà sí mímọ́
Katakátá méjì ni mo ní. Ọ́ìlì háídírọ́líìkì, ìyẹn ọ́ìlì tí pọ́ǹpù katakátá ń tì láti fi gbé irin iṣẹ́, ti funfun bíi wàrà nínú èkejì: omi ti wọ̀ ọ́. Irin iṣẹ́ tí mo ń tú lára ọ̀kan so mọ́ èkejì ló gbé e wá, torí ọ́ìlì máa ń kù nínú sílíńdà rẹ̀, ìyẹn páìpù irin tí ọ́ìlì ń ti ọ̀pá inú rẹ̀ jáde. Mo fa ti katakátá méjèèjì àti ti sílíńdà jáde, mo pààrọ̀ fílítà, mo sì rọ irú ọ́ìlì kan náà sí gbogbo wọn.

Ní báyìí, kí n tó tú họ́ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, mo máa ń ká sílíńdà wọlé kí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́ìlì rẹ̀ lè padà sínú katakátá. Mo ń fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu họ́ọ̀sì àti ẹnu ibi tó ń wọ̀ lára katakátá, mo sì ń dé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ìdérí yẹn! Iyanrìn bíńtín tó lẹ̀ mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì lè ha inú pọ́ǹpù.