Ọlidé ilẹ̀ Bràsíl: bí ẹ ṣe máa kà á kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Kàlẹ́ńdà orí fóònù ò tó fún ẹni tó ń lọ sí Bràsíl. Ó máa sọ fún yín pé ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá jẹ́ ọlidé, ọjọ́ tí wọ́n kéde ìjọba olómìnira ní 1889, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi ọjọ́ náà ṣe ju kí wọ́n sinmi tàbí kí wọ́n lọ sétí òkun lọ. Kánífà tó ń ti báńkì pa fún odindi ọjọ́ méjì ni òfin àpapọ̀ ò kà mọ́ ọlidé. Ti òfin lọ́tọ̀, ti ìgboro lọ́tọ̀, méjèèjì lẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti òfin. Mẹ́wàá ni ọlidé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún tuntun, Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ òṣìṣẹ́ (1 oṣù Karùn-ún) àti Kérésìmesì ò ṣàjèjì sí wa. Àwọn yòókù ni 21 oṣù Kẹrin, ìrántí Tiradentes, ajàjàgbara tí wọ́n yẹgi fún ní 1792. 7 oṣù Kẹsàn-án, òmìnira ọdún 1822, tí àwọn sójà máa ń yan. 12 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ Màríà Aparecida, Màríà tí àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ fi ṣe alábòójútó Bràsíl, tó tún jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọdé. 2 oṣù Kọkànlá, tí wọ́n ń gbé òdòdó lọ sí ibojì àwọn èèyàn wọn. 15 oṣù Kọkànlá tí a ti dárúkọ. Àti 20 oṣù Kọkànlá, ìrántí Zumbi tí wọ́n pa ní 1695, olórí Palmares, ibùdó àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko ẹrú. Ọdún 2024 ni ti Zumbi ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìpínlẹ̀ tàbí ìlú tó bá wù ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àkọsílẹ̀ àtijọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ti ìpínlẹ̀ àti ti ìlú tí ẹ ń lọ. Bahia ní 2 oṣù Keje, ọjọ́ tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Pọ́túgàlì kúrò ní Salvador ní 1823, àwọn ará ibẹ̀ sì gbé e gẹ̀gẹ̀ ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ. Rio de Janeiro ní 23 oṣù Kẹrin, ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Ìlú São Paulo ní 25 oṣù Kìíní.

Ní Nàìjíríà, bí ọlidé bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ìjọba a máa fi ọjọ́ Ajé dí i fún wa. Bràsíl kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sí Àbámẹ́ta ti lọ nìyẹn. Ní 2027, 1 oṣù Karùn-ún, 20 oṣù Kọkànlá àti Kérésìmesì ló máa lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọlidé bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ á so ọjọ́ Ajé mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á so Ẹtì mọ́ ọn. Feriadão ni wọ́n ń pe ọlidé gígùn báyìí. Ní 2027 kan náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 7 oṣù Kẹsàn-án, 12 oṣù Kẹwàá àti 2 oṣù Kọkànlá. Ẹ má fi ìpàdé òwò sí ọjọ́ Ajé tó ṣáájú wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti São Paulo lọ sétí òkun, kó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì gbéra kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ Ẹtì, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn ò ṣe é fẹnu sọ.

Ọjọ́ Àjíǹde lẹ máa fi mọ Kánífà. Ẹ ka ọjọ́ 47 sẹ́yìn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun Kánífà nìyẹn. Ẹ ka 60 síwájú, Ọjọ́bọ̀ Corpus Christi nìyẹn, ọdún Ara Kristi tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe. Ní 2027, Àjíǹde bọ́ sí 28 oṣù Kẹta, nítorí náà Kánífà jẹ́ 9 oṣù Kejì, Corpus Christi sì jẹ́ 27 oṣù Karùn-ún. Ìjọba a máa fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá aládàáni ló máa pinnu tirẹ̀ (àyàfi ní ìpínlẹ̀ Rio, tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ti jẹ́ ọlidé lófin). Báńkì ò ní ṣí lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, ọ̀sán Ọjọ́rú ló máa tó ṣí. Ẹ ṣẹ́ owó yín ṣáájú. Pix, tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, kì í sinmi tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àkáǹtì níbẹ̀ kó má gbára lé e.

Èyí tó kan àwa gan-an, 2 oṣù Kejì, ọjọ́ Yemọja ní Rio Vermelho, Salvador, kì í ṣe ọlidé níbẹ̀. Porto Alegre tó jìnnà réré sí gúúsù ló fi ọjọ́ náà ṣe ọlidé, ti Màríà àwọn awakọ̀ ojú omi. Ní 2027, Kánífà Salvador máa bẹ̀rẹ̀ ní 4 oṣù Kejì, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ọdún Yemọja, nítorí náà ẹ tètè wá ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ wọ funfun tàbí búlúù, kí ẹ sì débẹ̀ kí oòrùn tó mú, torí ìlà tí wọ́n ń tò láti fi ẹ̀bùn sínú apẹ̀rẹ̀ gùn. Ọ̀sán ni ọkọ̀ àwọn apẹja ń gbé apẹ̀rẹ̀ náà lọ sí agbami. Ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò lára òdòdó. Ẹ da lọ́fínńdà sórí rẹ̀, kí ẹ mú ìgò padà sílé. Bó bá jẹ́ òòyà lẹ fẹ́ fi sí i, ẹ wá onígi. Ẹ̀bùn tí ìgbì bá dá padà, wọ́n á ní Yemọja kọ̀ ọ́. Ike ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rì.

Ọjọ́ kan wà tí kò sí nínú òfin kankan: 27 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Cosme àti Damião, tí àwọn ará Bahia fi ń bọ Ìbejì. Ìjọ Kátólíìkì ti gbé e sí 26, àwọn aráàlú ò tẹ̀ lé wọn. Caruru ni wọ́n ń sè. Ẹ lo ọgọ́rùn-ún ilá, àlùbọ́sà ńlá méjì, edé gbígbẹ tí a lọ̀ bí ìwọ̀n 250 gíráàmù, ẹ̀pà àti kaṣú lílọ̀ ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú epo pupa ife kan. Ẹ fọ ilá, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Èyí tó bá tutù á yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi epo yí àlùbọ́sà àti edé, kí ẹ da ilá sí i pẹ̀lú omi díẹ̀. Bí kóró ilá bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti jinná. Ọmọdé méje ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ mú súìtì dání fún àwọn ọmọ, ẹ má sì fọwọ́ kan oúnjẹ kí àwọn méje náà tó jẹ tán.