Owó kéèjì ju owó ẹyẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta: bí mo ṣe yan ẹyẹ fún ilé tó ní ọmọdé àti ológbò

Kéèjì mẹ́ta ni mo sanwó lé lórí kí ẹyẹ kékeré méjì tó rí ibi sùn nínú ilé wa ní Adó-Èkìtì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹni tó ta ẹyẹ fi kún ọjà. Ìkejì ti ọ̀dọ̀ wẹ́dà jáde pẹ̀lú wáyà tí mi ò ní kó lò. Ẹ̀kẹta nìkan ló wúlò. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, owó irin ju owó ẹyẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì dùn mí wọra, torí mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń ta ẹyẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà léèrè bóyá ológbò wà nílé. Kò sẹ́ni tó bi mí. Níbi tí ológbò bá wà, kéèjì là ń kọ́kọ́ wá, ẹyẹ ló ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, àbígbẹ̀yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ológbò méjì la ní, wọ́n ń pa eku, wọ́n ń pa alángbá. Ológbò tó bá ti mọ ọdẹ ṣe, kò sí bí a ṣe lè kọ́ ọ kó gbàgbé, ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní ara wọn máa tó mọlé. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Pasteurella wà nínú itọ́ ológbò. Bí eyín rẹ̀ bá gún ẹyẹ bí ẹnu abẹ́rẹ́ lásán, ẹyẹ náà lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan tí ẹ máa rí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn apakòkòrò. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹyẹ, ẹ ti wádìí dókítà tó ń tọ́jú ẹyẹ kékeré, torí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ju ajá àti adìyẹ lọ.

Odídẹrẹ́ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ dárúkọ fún mi. Mo kọ̀ ọ́. Odídẹrẹ́ lè lo 40 sí 60 ọdún, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a ṣeré fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́. Tí kò bá rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu. Ẹnu tó ń jẹ ẹyìn lórí ọ̀pẹ, ìka ọmọ ọdún márùn-ún kò ní le fún un láti gé. Yàtọ̀ sí èyí, inú igbó ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti ń tán lọ. Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, dìbò láti fi òfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Mi ò fẹ́ wà lára àwọn tó ń bá wọn tán an.

Ìbákà àti olongo dùn ún wò, wọ́n sì dùn ún gbọ́, àmọ́ wọn kì í fẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn kan àwọn. Èyí tí wọ́n fi àtè mú nínú igbó, jìnnìjìnnì lásán lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹyẹlé ni mo máa gba ẹni tó ní àgbàlá níyànjú pé kó sìn, tó bá lè gbé ilé wọn sórí òpó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, kó sì fi páànù yí òpó náà ká kí èékánná ológbò má baà rí nǹkan dì mú. Àgbàlá tiwa kéré. Cockatiel, ẹyẹ kékeré onígògó tó jẹ́ ìbátan odídẹrẹ́, ni ìwà rẹ̀ tù mí lára jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun máa ń gbọ̀n kúrò lára ìyẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ wa kejì sì ní ikọ́ fée.

Budgerigar ló kù, ẹyẹ kékeré tó wá láti Ọsirélíà. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 30 sí 40, ó sì ń lo ọdún 5 sí 10. Ẹnu rẹ̀ kò lè ṣe ọmọdé léṣe púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: lovebird ni àwọn tó ń tà á tí mo bá pàdé ń pè é, bẹ́ẹ̀ lovebird gidi jẹ́ ẹyẹ mìíràn tó ń bunijẹ gan-an. Ìrù ni kí ẹ wò. Ti budgerigar gùn, ó sì rí ṣóńṣó; ti lovebird kúrú, ara rẹ̀ sì ki.

Akọ méjì ni mo rà, torí akọ ló ń tètè kọ́ ọ̀rọ̀, ẹyin kò sì lè há sí i nídìí bí ó ṣe máa ń há sí abo. Lára awọ tó yí ihò imú ká lókè ẹnu la ti ń mọ̀ wọ́n: nígbà tí wọ́n bá ti dàgbà, ti akọ máa ń jẹ́ búlúù, ti abo máa ń jẹ́ búráùn bí èèpo ẹ̀pà; ti ọmọ akọ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èsè àlùkò. Ẹ má fi èyí dán ẹyẹ tó funfun tàbí tó jẹ́ yẹ́lò látòkè délẹ̀ wò, ó máa ń tan ènìyàn. Ọmọ ẹyẹ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin ló dára jù, ìlà tín-ín-rín orí rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé imú. Ẹ dúró lókèèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó sún mọ́ ọn, torí ẹyẹ tó ń ṣàìsàn máa ń ṣe bí ẹni pé ara rẹ̀ le tó bá ti rí àjèjì. Èyí tó wú ìyẹ́ sára, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, tàbí tí ìdí rẹ̀ dọ̀tí, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bí a ṣe ń gbé e wálé àti bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ adìyẹ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí ti mọ ìyẹn.

Ti ọmọdé ló gba àlàyé. Ẹyẹ kò ní iṣan tó pín àyà àti ikùn, èyí tí àwa fi ń mí. Egungun àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Ọmọ tó bá fọwọ́ fún un ní àyà ti dí i léèémí, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Òfin ilé wa ni pé ọmọ kankan kì í di ẹyẹ mú: ọmọ á na ìka, ẹyẹ á fúnra rẹ̀ gùn ún. Àbígbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jókòó sílẹ̀ kí ẹyẹ tó gùn ún. Gbogbo wọn á sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku kéèjì. Èyí tí mo bá ẹyẹ gbà rí roboto, ó ní àwọ̀ wúrà, irin rẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà méjì jìnnà síra. Kí n tó fi ẹyẹ sí i, mo so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ òwú, mo fi kọ́ sí àárín rẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀ níwájú ológbò. Kí n tó ka ẹ̀ẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fà sókè, tí ológbò lè fi imú gbé. Ìyẹ́ adìyẹ kan yìí ló gba ẹyẹ méjì là, inú mi sì ń dùn sí i títí di òní.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ. Mo kọ ìwọ̀n sí ìwé: inú kéèjì kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ó fẹ̀ ní méjì, kí ó ga ní méjì, torí ẹyẹ yìí ń fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni, kì í fò gòkè tààrà bí hẹlikópítà. Kí wáyà jẹ́ ìlọ́po méjì yí ká, kí àlàfo íǹṣì mẹ́ta wà láàárín ti inú àti ti ìta. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyẹ máa ń fẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ wáyà lóru, ológbò á sì gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìta tí wáyà bá jẹ́ ẹyọ kan. Ojú wáyà kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ. Ìka ọmọ-ń-dinrín ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: tó bá ti wọ ojú wáyà dé oríkèé, ojú rẹ̀ ti fẹ̀ jù, orí budgerigar lè há síbẹ̀.

Wẹ́dà gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Lónìí, iná kò sí. Lọ́la, irin ti tán. Lọ́túnla, ó lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tó gbé e jáde, wáyà adìyẹ olójú íǹṣì kan ló fi yí i ká, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní, "Ọ̀gá, ìwé tí mo fún yín ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, èyí náà ni gbogbo oládìyẹ ń lò, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi kò balẹ̀. Wáyà adìyẹ rọ̀ débi tí ológbò lè fi eyín fà á ya.

Nígbà tí mo takú, ó wá wáyà olójú ìdajì íǹṣì tó le, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kó má dípẹtà. Ibí ni aburú kejì ti wọlé. Ó fi iná wẹ́ẹ̀dì wáyà náà mọ́ irin tààrà. Èéfín funfun jáde, lẹ́búlẹ́bú funfun sì kù sí gbogbo ibi tí iná kàn. Síǹkì tó jó ni. Ẹnu ni budgerigar fi ń gùn káàkiri kéèjì, ó ń jẹ wáyà lẹ́nu tọ̀sántòru. Bí síǹkì bá pọ̀ nínú rẹ̀, á máa bì, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí omi, á sì kú. Mi ò gba kéèjì náà, kò sì dá owó mi padà.

Fírémù irin nìkan ni mo gbà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ mi àti ọmọ wa àgbà ló sì bá mi kan ìyókù. Wọ́n lu ihò sí fírémù ní íǹṣì mẹ́rin-mẹ́rin, a fi wáyà tuntun lé e, a gbé irin pẹlẹbẹ lé wáyà, a sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ra. Iná kò kan wáyà rárá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti fínígà fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí síǹkì tó dì gúlúgúlú lórí rẹ̀ lè ṣí kúrò, mo fi omi ṣàn án, mo sì sá a sóòrùn. Ẹ yẹ etí ilẹ̀kùn wò dáadáa, torí àlàfo tó ń ṣẹ́ kù níbẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ojú wáyà lọ. Irin pẹlẹbẹ la fi dí tiwa. Àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Bóòtù mẹ́fà la fi kàn án mọ́ ògiri nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn, a fi pákó bo òkè rẹ̀ kí ológbò má lè jókòó lé ẹyẹ lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára ògiri kí ẹyẹ lè rí ibi fara pamọ́ sí. Bí ológbò bá kàn jókòó tó ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀, ó tó láti jẹ́ kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má jẹun, nítorí náà ilẹ̀kùn yàrá kì í ṣí sílẹ̀. Ẹ̀ka gúáfà tí ìnípọn wọn yàtọ̀ síra ni wọ́n ń bà lé. A ń fi aṣọ bò wọ́n fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lálẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ má gbé wọn sítòsí ilé ìdáná, torí èéfín ìkòkò tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá gbóná jù, ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti oògùn ẹ̀fọn náà burú. Jéró ni oúnjẹ wọn, ṣíbí kékeré kan sí méjì fún ẹyọ ẹyẹ kan lójúmọ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a fọ̀ dáadáa àti èèpo ẹyin tí a sè, tí a sì lọ̀. Píà, obì àti ohunkóhun tí wọ́n bá fi kòkó ṣe jẹ́ májèlé fún wọn, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín, torí ọmọ Èkìtì á fẹ́ fi píà ọwọ́ rẹ̀ tọrẹ.

Tí mo bá tún máa gbé iṣẹ́ yìí fún wẹ́dà, èmi ni máa ra wáyà fúnra mi, màá gé gígùn ọwọ́ kan nínú rẹ̀ fún un dání, mi ò sì ní san ju ìdajì owó lọ títí tépù mi á fi kan ilẹ̀kùn. Kéèjì kẹta náà gba ìdánwò ìyẹ́ adìyẹ. Òru méjì ni ológbò méjèèjì fi gbìyànjú, èékánná wọn kò kọjá wáyà ìta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta la kó ẹyẹ wọlé, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kọ́ sí ibi tí ọwọ́ àbígbẹ̀yìn kò lè tó.