Kí o tó gba iṣẹ́ locum, ṣí sílíńdà wò

Àbúrò mi kan, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí house job (ọdún kan tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá) n'Íbàdàn, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n, NYSC ò tíì pè mí, owó sì ti tán lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ máa ṣe locum. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Locum ni kí dókítà lọ di ipò dókítà mìíràn mú ní ọsibítù fúngbà díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un rèé.

Ìwé ni àkọ́kọ́. Bí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ò bá tíì fún ọ ní ìforúkọsílẹ̀ kíkún, má dán an wò. Èyí tí wọ́n fún ọ fún house job, kò gbà ọ́ láyè láti lọ dá dúró ní ọsibítù aládàáni kankan. Ọ̀gá kan lè ní "kò séwu, ṣáà máa bọ̀". Ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé, á ní òun ò mọ̀ ọ́ rí. Láísẹ́ǹsì ọdọọdún náà, 31 oṣù Kejìlá ló ń parí. Tètè sanwó tuntun.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹnu ló ń gbé e kiri. Group WhatsApp pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí iṣẹ́ gidi tó dé ibẹ̀, ẹnìkan ti gbà á. Ọ̀dọ̀ àwọn registrar (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di ògbóǹtarìgì) tó ń ṣiṣẹ́ wíkẹ́ńdì níta ni mo ti rí tèmi. Bí ìdánwò wọn bá ti sún mọ́lé, wọ́n á máa wá ẹni tó máa dì í mú fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n ti mọ̀ pé o wà nílẹ̀. Mo tún máa ń fẹsẹ̀ rìn wọ ọsibítù mẹ́ta mẹ́rin ní Bódìjà àti Àkóbọ̀, mátírọ́ọ̀nù sì ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Òun ló mọ dókítà tí kò ní lè wá lọ́jọ́ Sátidé.

Wàyí o, lọ wo ibẹ̀ kí o tó gbà. Locum mi kejì, orí fóònù ni mo ti gbà á. Ní aago méjì òru, wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì kan wọlé, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí. Mo ní kí nọ́ọ̀sì gbé ọ́síjìn wá. Sílíńdà wà, wọ́n tiẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Sípánà tí wọ́n fi ń ṣí i ni kò sí: ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ti mú un lọ sílé. Ọkọ̀ bàbá ọmọ náà la fi sáré dé UCH, ọsibítù ńlá ìjọba n'Íbàdàn, èmi ni mo gbé e sáyà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó yè, a dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣí sílíńdà, títí n óò fi rí i tí abẹ́rẹ́ gééjì gbéra. N óò wá béèrè: ambubag, àpò tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti fi fún ẹni tí kò lè mí dáadáa ní atẹ́gùn, ńkọ́? Magnesium sulphate wà, bí gìrì bá mú aboyún? Ta ni mo máa pè fún iṣẹ́ abẹ, ṣé ó sì máa ń gbé fóònù lóru? Inú máa ń bí àwọn ọ̀gá kan sí ìbéèrè yẹn. Ẹni tí inú bá bí, má bá a ṣiṣẹ́.

Owó ńkọ́? Béèrè bóyá wákàtí 24 ni wọ́n ń sanwó fún ni, àbí láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè dé àárọ̀ Mọ́ńdè, àti ọjọ́ tí alẹ́ẹ̀tì máa wọlé. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n fèsì. Wọ́n jẹ mí lówó wíkẹ́ńdì mẹ́ta níbì kan l'Ékòó, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni "ẹ má ṣèyọnu" tí ọ̀gá fi ẹnu sọ. Mi ò rí kọ́bọ̀ gbà. Bó bá jẹ́ Èkó náà ni, wo ìwé HEFAMAA, àjọ tó ń fún àwọn ọsibítù l'Ékòó ní àṣẹ, lára ògiri, kí o sì ka ọdún tó wà nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ti rí ọ̀kan ní Àkóbọ̀ báyìí. Mo ní kó ra sípánà tirẹ̀ dání.