"Aago mélòó ni, ọmọ mi?" Bí mo ṣe jáwọ́ nínú wíwo àwòrán ìhòòhò

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wo fíìmù oníhòòhò. Mo ti pé ọmọ ọdún 31, mo ti fẹ́yàwó, mo sì wà lára àwọn tó ń ka Ìwé Mímọ́ ní Mísà ọjọ́ Àìkú, kí n tó jáwọ́. Ọdún 17 gbáko. Bí mo bá kàwé tán, tí gbogbo ìjọ dáhùn pé "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run", ilẹ̀ ni mo máa ń wò padà sí ìjókòó mi, torí mo mọ ohun tí ojú tí mo fi kàwé náà ti wò lóru àná.

Kì í ṣe pé n kò gbàdúrà o. Àdúrà tí mo gbà nígbà yẹn ju èyí tí mò ń gbà báyìí lọ. Nófénà (àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án) lórí nófénà, àwẹ̀, àìsùn. Ohun kan náà ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣáá: Ọlọ́run, mú nǹkan yìí kúrò lára mi, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ sí i. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ìdajì kejì àdúrà yẹn ló ń ba ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́. Inú òkùnkùn ni bárakú yìí ń gbé, èmi fúnra mi ni mo sì ń bá a ti ilẹ̀kùn.

Wo bó ṣe máa ń rí. Bí mo bá ṣubú lọ́jọ́ Ajé, mo ti sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ó di Sátidé tí Fáda máa ń jókòó gbọ́ ìjẹ́wọ́. Kí Sátidé tó dé, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹyọ kan péré ló jẹ́ ìdẹwò nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Márùn-ún tó kù, ìtìjú ló bí wọn. Mo ń ṣe bí ẹni tí òjò ti pa délẹ̀, tí kò tún rí ìdí tó fi yẹ kó sá mọ́. Nítorí náà, ohun tí mo máa tẹnu mọ́ jù níbí ni bó o ṣe máa gé àkókò tó wà láàárín ìṣubú àti ìdìde kúrú. Ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti ń jẹun yó.

Kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́, kó o sì sọ iye rẹ̀

Má dúró dìgbà tó o bá ti "gbìyànjú díẹ̀" kó o tó lọ bá Fáda. Èmi dúró, ọdún sì ń gorí ọdún. Nígbà tí mo tún wá lọ, ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ ni mo fi bo ọ̀rọ̀ ńlá mọ́lẹ̀: "Fáda, mo ní èròkerò." Èròkerò! Kí ni àlùfáà fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ìjọ ní ká jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wíwúwo ní irú rẹ̀ àti ní iye ìgbà tá a dá a. Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ Kátólíìkì, sì sọ ọ́ gbangba ní ìpínrọ̀ 2354 pé ẹ̀ṣẹ̀ wíwúwo ni àwòrán ìhòòhò, torí ó ń sọ gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ sí i, àtẹni tí wọ́n yà, àtẹni tó ń tà á, àtẹni tó ń wò ó, di ohun ìlò.

Báyìí ni kó o ṣe sọ ọ́: "Ìjẹ́wọ́ mi tó kẹ́yìn ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà yẹn, mo wo fíìmù oníhòòhò lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo sì fọwọ́ ara mi gbádùn ara mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin." Ó tán. Má ròyìn ohun tó wà nínú fíìmù náà. Fáda kò nílò rẹ̀, kò sì dáa kí ìwọ náà tún máa rò ó. Bó ò bá rántí iye rẹ̀ gan-an, sọ èyí tó sún mọ́ ọn. Ní ti pé ó lè sọ ọ́ síta, fọkàn balẹ̀: òfin Ìjọ, òfin 983, kò gbà kí Fáda fi ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ọ̀nà mìíràn tú àṣírí ẹni tó jẹ́wọ́ fún un, ohun yòówù kó dé.

Fáda kan náà ni kó o sì máa lọ bá, bó bá ṣeé ṣe. Èmi a máa pààrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí onígbèsè ṣe ń pààrọ̀ ọ̀nà kó má baà pàdé ẹni tó jẹ lówó. Wàhálà ìyẹn ni pé lójú Fáda kọ̀ọ̀kan, ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ọkùnrin tí kì í ṣe é, kí n máa lọ. Bí ẹni gba ìwé àṣẹ ni mo ṣe jáde. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń lo ìwé àṣẹ yẹn.

Ẹni tó wá ràn mí lọ́wọ́ kò bá mi wí rárá. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní:

"Aago mélòó ni, ọmọ mi?"

N kò tètè lóye. "Aago kí ni, Fáda?"

"Tó o bá ń ṣe é. Aago mélòó ló máa ń jẹ́?"

"Mọ́kànlá alẹ́ kọjá."

"Níbo ni fóònù máa ń wà?"

"Abẹ́ ìrọ̀rí mi, Fáda."

"Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ńkọ́? Kí ló ti máa ń ṣẹlẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí, èmi pàápàá kò bi ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń rántí: ọjọ́ tí ọ̀gá mi já mi kulẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi tahùn síra wa tá ò sì parí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá pa ìbínú mọ́ra ni. Fáda ní kí n lọ ka ọ̀wọ́ kan ("Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá) nínú Rosárì, àdúrà tá a fi ń ka ìlẹ̀kẹ̀, kí fóònù mi sì máa lọ sùn ní pálọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ohun tí mo ti gbààwẹ̀ sí fún ọdún 17, pálọ̀ ni oògùn ẹ̀? Ṣùgbọ́n òun ló tọ̀nà. Ẹni tó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run gbà á, tó sì tẹ́ fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, ń dán Ọlọ́run wò ni. Tún fi kún un: lórí Android, wá Private DNS níbi ètò íntánẹ́ẹ̀tì, kó o sì kọ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀ kó lè máa dí ìkànnì oníhòòhò; lórí iPhone, Screen Time ló ní ibi tí wọ́n ti ń dí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ẹlòmíì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹni tó bá fẹ́ tú u á sì tú u. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ó ń fún ẹ láyè láti ronú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìwé kékeré kan

Ignatius Mímọ́ ará Loyola kọ́ni ní ọ̀nà kan láti gbógun ti ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Láàárọ̀, wàá pinnu pé o máa ṣọ́ra fún un. Lọ́sàn-án àti lálẹ́, wàá yẹ ara rẹ wò, wàá sì fi àmì tóótóó sórí ìlà ọjọ́ náà fún iye ìgbà tó o ṣubú. Ó tún ní, bó o bá ti ń ṣubú báyìí, kó o fọwọ́ kan àyà rẹ. O lè dúró láàárín èèyàn kó o ṣe é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo fa ìlà méje fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta yà mí lẹ́nu: ọjọ́ Àìkú ni àmì pọ̀ sí jù. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà! Ìyàwó mi á ti lọ ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, èmi á na ara sórí ibùsùn lásán, n kò ní nǹkan kan tí mò ń ṣe. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Kì í ṣe inú rere ló gbé mi débẹ̀, ìwé yẹn ni.

Nígbà tí ìdẹwò bá dé

Ó máa dé. Katikísìmù fúnra rẹ̀ sọ ní ìpínrọ̀ 2342 pé iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ìkóra-ẹni-níjàánu, pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ti ní in títí láé.

Bó bá ti dé, dìde. Má dùbúlẹ̀ kó o máa bá a jiyàn. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀, kó o sì sọ ẹsẹ kan yìí látinú Sáàmù 70: "Ọlọ́run, yára gbà mí, Olúwa, yára láti ràn mí lọ́wọ́." Ó ti lé ní ọdún 1,500 tí John Cassian, mọ́ńkì ayé àtijọ́ kan, ti kọ̀wé pé kí àwọn tó ń gbé nínú aginjù máa fi ẹsẹ yìí sẹ́nu nígbàkigbà, òun ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Wákàtí Ìjọ títí dòní. Ó kúrú, o lè sọ ọ́ kí ọwọ́ rẹ tó kan ilẹ̀kùn pálọ̀.

Ohun kejì: má dijú. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi, ó sì jẹ mí níyà. Bí mo bá dijú gbàdúrà lákòókò yẹn, inú ìpéǹpéjú mi gan-an ni àwòrán náà ti ń sáré. Là á sílẹ̀. Wo àgbélébùú. Èmi gbé ọ̀kan kọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ní ère Jésù lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń tẹjú mọ́, ibi tí ìṣó ti wọlé.

Lóru ọjọ́ kan, mo wo aago. Ó gbé mi ní 11:20; nígbà tó máa di 11:38, ó ti lọ. Bí ìgbì òkun ló rí, á ga, á ga, wàá rò pé kò ní tán mọ́ àfi tó o bá ṣe é, á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 18. Ọ̀wọ́ márùn-ún Rosárì, téèyàn ò bá kánjú, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn ka Rosárì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bọ́ọ̀lù ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ìka. Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìrora, àṣàrò márùn-ún lórí ìjìyà Jésù, ni mo sábà máa ń mú, torí ti àkọ́kọ́, nínú ọgbà Getsémánì, níbi tí Olúwa ti ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun ṣọ́nà, tí oorun sì gbé wọn lọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́ jù, "Mo kí ọ Màríà" mẹ́ta tó, àárọ̀ àti alẹ́. Alphonsus Liguori Mímọ́ fẹ́ràn láti máa fi í lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ nítorí ìwà mímọ́.

Bó o bá ṣubú

Ibí gan-an ni kó o ti kà á dáadáa. Má sùn lé e. Dìde lójú ẹsẹ̀, bọ́jú, fọwọ́ kan àyà, fi àmì sínú ìwé, kó o sì ka Sáàmù 51. Dáfídì ló kọ ọ́, ojú lòun náà fi bẹ̀rẹ̀: orí òrùlé ààfin ló ti rí obìnrin tó ń wẹ̀. Ìjọ kọ́ wa pé bí ìrònúpìwàdà bá ti inú ìfẹ́ Ọlọ́run wá, tó o sì pinnu láti lọ jẹ́wọ́ ní kété tó bá ṣeé ṣe, Ọlọ́run ń dárí jì ẹ́ kódà kó o tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n má gba Ara Olúwa kó o tó jẹ́wọ́. Jókòó níbi tó o wà nígbà tí àwọn yòókù bá ń lọ, jẹ́ kí wọ́n wò ẹ́. Èmi tó jẹ́ òǹkàwé, mo jókòó. Ojú tì mí, ilé ò wó.

Augustine Mímọ́, tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara dè mọ́lẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó mú tèmi lọ́kàn ni Mark Ji Tianxiang, oníṣègùn kan ní Ṣáínà, tó lo oògùn ọ̀píọ̀mù nítorí inú rírun títí tó fi di bárakú sí i lára. Fáda rẹ̀ kọ̀ láti fún un ní ìdáríjì, torí ó rò pé kò fẹ́ yí padà lóòótọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni kò fi gba Ara Olúwa, síbẹ̀ kò yé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1900, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Kristẹni, ó ní kí wọ́n pa òun gbẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé òun má baà dá kú. Lọ́dún 2000 ni Póòpù John Paul Kejì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Mi ò sọ ọ́ kó o lè fi ṣe àwáwí. Lónìí, Katikísìmù ní kí wọ́n ro bí àṣà ṣe ń de èèyàn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ bí ẹ̀bi rẹ̀ ṣe tó. Ṣùgbọ́n Fáda ni kó gbé ìyẹn lé ìwọ̀n, má ṣe fúnra rẹ gbé e.

Bí ìbànújẹ́ bá ń bá a rìn, tàbí tí o kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí rẹ̀, wá dókítà tàbí agbaninímọ̀ràn kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìwà ìbálòpọ̀ tí apá èèyàn kò ká mọ́ àwọn àìsàn nínú ìwé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ fún ìyàwó mi. Fáda ló ní kí n mú sùúrù, kí n má lọ sọ ẹrù mi lé e lórí kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó bi mí pé, "Ṣé mi ò tó ni?" Mo ní ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, n kò tíì mọ̀ ọ́n rárá. Ó ronú sí i, ó ní kí n gbé fóònù wá. Òun ló mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yẹn títí dòní.

Lẹ́yìn oṣù 14 tí n kò fi àmì kankan sínú ìwé, mo ṣubú lálẹ́ ọjọ́ kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Fáda ti ń wọ aṣọ Mísà.

"Aago mélòó ni?"

"Mọ́kànlá kọjá, Fáda."

"Fóònù ńkọ́?"

"Mo gbé e wọ yàrá. Mo fẹ́ kí àláàmù jí mi."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló fún mi ní ìdáríjì. Nígbà tó dórí iṣẹ́ ìrònúpìwàdà, ó ní kí n ka "Mo kí ọ Màríà" mẹ́ta, kí n sì lọ ra aago.