Ọ̀nà ẹ̀bùrú inú ọkàn mi: bí wọ́n ṣe rí i, bí wọ́n ṣe dí i

Ife tíì ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọjọ́ kẹta tí mo ti ìsìnkú bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde padà dé London ni. Mo gbé ife lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà kàn jù ú sílẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi; ohun tó jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an ò mọ èdè tó jẹ́. Ó wojú mi, ó rí i pé ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò bi mí ní nǹkan kan kó tó tẹ 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ẹni ọdún 44 ni mí nígbà náà. Mi ò mu sìgá rí, ẹ̀jẹ̀ mi kì í ru, mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí ilé gbọ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi ní, "Wọ́n ti bá a ṣe é níbi òkú." Mi ò bínú sí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlàyé àwọn dókítà náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tiwọn lọ. Rọpárọsẹ̀ ni: àwòrán MRI fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan kan nínú ọpọlọ mi, àmọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti wá ni ò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n yẹ iṣan ọrùn wò, ó mọ́. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn mọ́ mi láyà fún ọjọ́ mélòó kan, kò rí àléébù. Ọ̀rọ̀ mi ti já gaara ní ọjọ́ kejì. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún oṣù kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí fún ìdánwò ìfófó. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sí iṣan apá. Wọ́n á so síríǹjì méjì pọ̀, wọ́n á fi omi iyọ̀ bíi 9 ml sí i, afẹ́fẹ́ díẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tìrẹ gan-an díẹ̀, wọ́n á wá máa tì í láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kíákíá títí yóò fi hó bí omi ọṣẹ. Wọ́n á rọ ọ́ sí ọ lára nígbà tí ẹ̀rọ skáàn wà láyà rẹ. Apá ọ̀tún ọkàn á funfun báláú lójú ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ìfófó náà gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì parẹ́ síbẹ̀. Bó bá yọ ní apá òsì kí ọkàn tó lù lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀nà ẹ̀bùrú wà láàárín.

Gbogbo wa la bí ọ̀nà yìí mọ́. Ọmọ inú oyún kì í mí; inú okùn ìwọ́ ni afẹ́fẹ́ ìyá rẹ̀ ti ń bá a. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní iṣẹ́ púpọ̀ ṣe ní ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ó ń gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan láàárín yàrá òkè méjèèjì ọkàn. Bó bá ti ké igbe àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀fóró á ṣí, agbára ẹ̀jẹ̀ apá òsì á sì ti ilẹ̀kùn náà pa. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, á lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin, ó kàn padé lásán, kò ní kọ́kọ́rọ́. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní patent foramen ovale, PFO. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e kiri títí wọ́n fi dàgbà kú láìmọ̀. Ìgbà tí èèyàn bá ń wúkọ́, tó ń gbẹ́rù, tàbí tó ń tiraka nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà máa ń ṣí gbàgà. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì láti ẹsẹ̀ bá ń kọjá lásìkò yẹn, ọpọlọ ló lè bọ́ sí. Èmi ò lè búra pé orí ìjókòó ọkọ̀ òfurufú, fún wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀, ni tèmi ti dì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọkàn mi ń lọ.

Ibi fífún inú kí ilẹ̀kùn náà lè ṣí ni wọ́n ti ṣì mí. Ọmọkùnrin tó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ní kí n sé èémí, kí n fún inú. Mo fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fun kàkàkí. Wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ihò. Oṣù kan lẹ́yìn náà, dókítà mìíràn bi mí bí mo ṣe fún inú. Mo ṣe é fún un, ó mi orí, ó ní wọn ò tíì dán mi wò.

Obìnrin tó ṣe èkejì kọ́kọ́ kọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ó ní, "Fi ikùn ti ọwọ́ mi padà. Bí mo bá ní ó tó, tú èémí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà." Bí mo ṣe tú u sílẹ̀, ìfófó ya lọ sí apá òsì bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lu agogo ìjáde fún. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé gba ọ̀fun mi wọlé jẹ́rìí sí i. Ìyẹn ò dùn rárá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Rírí ihò ò ní kí wọ́n dí i. Bí ẹni ọdún 75 tẹ́jẹ̀ rẹ̀ ń ru bá ní rọpárọsẹ̀, ihò náà lè jẹ́ èrò tó ń kọjá lọ níbi ìjà. Dókítà ní máàkì kan tó ń jẹ́ RoPE, láti 0 dé 10, tó ń díwọ̀n bóyá ihò ló jẹ̀bi. Mo gba 8. Ó ní ìwádìí mẹ́ta tó jáde pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló yí èrò àwọn dókítà padà nípa dídí ihò náà lára àwọn tí ò tíì ju ẹni ọdún 60 lọ, àti pé ọdún 2019 ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ilẹ̀ England gbà láti máa sanwó dídí i. Ká ní 2015 lèyí ṣẹlẹ̀ sí mi, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn nìkan.

Kí wọ́n tó gbé mi wọlé, wọ́n bi mí bóyá yẹtí tàbí aago olówó pọ́ọ́kú máa ń yún mi lára, torí pé níkẹ́ẹ̀lì wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí i. Ó jọ bọ́tìnì ọlọ́jú méjì tí wọ́n fi wáyà hun. Ẹnikẹ́ni ò fọ̀bẹ kan àyà mi: ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n gbà, wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn, wọ́n kọjá nínú ihò náà, wọ́n tan ojú kan sí òsì, wọ́n fà á kó há, wọ́n tan èkejì sí ọ̀tún. Kò tó wákàtí kan. Oorun ń kùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tí ọkàn mi ta kìjí lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ní wáyà ló fara kan ògiri.

Mo lọlé lọ́jọ́ kejì, itan mi dúdú bí ohun tí wọ́n rẹ sáró. Ẹ̀gbọ́n màmá mi pè: "Ṣé irin ló wà lọ́kàn rẹ báyìí? Wọn ò ní mú ẹ ní pápákọ̀ òfurufú?" Mo ní, "Ẹ má bẹ̀rù, mà, wọ́n fún mi ní káàdì." Títí dòní ẹ̀rọ ibẹ̀ ò tíì ké.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo padà síbi ìdánwò ìfófó. Obìnrin kan náà ni. Mo fún inú débi pé ó ní ó ti tó, kí n má ba nǹkan mìíràn jẹ́. Apá ọ̀tún funfun, apá òsì dúdú. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Òsì dúdú kirikiri.