Ẹ má gé ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará oko, tí koríko ẹ̀kan bá ti gba ilẹ̀ yín, ẹ fi àdá àti iná sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá pákó gígùn kan, ẹ so okùn mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì bíi jangilọ́fà, ẹ gbé e lé ẹ̀kan, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi okùn gbé e síwájú. Apá kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ dà sí. Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí ẹ̀kan wà, nínú gbòǹgbò funfun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó máa ń gún iṣu lábẹ́ ebè yẹn. Iná kì í débẹ̀. Ọkọ́ ń gé e sí wẹ́wẹ́ ni, èyí tó bá sì já tún lè hù. Àmọ́ èyí tó ṣubú láìgé kì í tètè rú, kò sì lè fara da òjìji. Ẹ gbin mùkúnà sáàárín rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ (ọmọ ìyá wèrèpè ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yúnni), kó bò ó fún odindi àsìkò òjò kan. Ẹ̀kan tí kò tíì ga tó ìbàdí kò ní gbọ́ o. Yóò tún nà dìde ni.